Ọjọ́ Tí Mo Di Dírẹ́bà Ara Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ti ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ fìlà mọ́ láti bí oṣù mẹ́ta. Ó dáa. Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ìlú Oǹdó. Mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ kúrò níbẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí. Fésì-káàpù mọ́kànlá ló wà nínú yàrá mi l'Ọ́bà-Ilé. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ fìlà. Èmi fúnra mi ni mo fi abẹ tú àkọ́kọ́ palẹ̀, mo ka abala aṣọ rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́fà. Mo ka ìlà òwú tó wà lára etí iwájú rẹ̀, ó jẹ́ mẹ́jọ. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá rí èyí tí ìlà rẹ̀ ò tó mẹ́jọ, mo mọ̀ pé ẹni tó rán an ń kánjú.

Ẹ sì mọ òfin mi. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá ní àwòrán, kí fìlà má ní. Bí fìlà bá pọ́n, kí bàtà dákẹ́. Etí iwájú gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí, kó má tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo. Fìlà tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára ló jẹ́ ọmọlúwàbí jù.

Òfin tó gbẹ̀yìn yẹn ló kó bá mi.

Bùsọ́lá ni mo fẹ́ fẹ́. Olùkọ́ ni, l'Ákùúrẹ́ níbí, ọdún mẹ́ta la sì ti wà papọ̀. Ọmọ Oǹdó ni òun, ọmọ Ìkàrẹ́ ni èmi, ìjọba ìpínlẹ̀ ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí ni bàbá rẹ̀ máa kọ́kọ́ rí mi. Pírínsípà tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá, àgbà ìjọ sì ni wọ́n. Bùsọ́lá ti sọ fún mi tipẹ́ pé tí Bàbá bá ti ní rárá, òun ò lè ré e kọjá. Ẹ wá rí i pé ọjọ́ ńlá ni!

Ó ní kí n dé fìlà gidi. Mo ní fìlà gidi wo ló tún ju tèmi lọ? Wákàtí kan gbáko ni mo fi yàn án. Mo mú búlúù dúdú, tí kò ní ìwé lára, tí bọ́tìnnì orí rẹ̀ bá a mu, tí ìdè ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ awọ. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun alápá gígùn, mo ki í bọnú ṣòkòtò dúdú, mo wọ bàtà dúdú. Kò sí ariwo kankan lára mi. Bùsọ́lá wò mí títí, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí n rí i pé mo ṣí i tí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo gbà.

Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò dúdú, fìlà búlúù tí kò ní ìwé. Ṣé ẹ̀yin ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Èmi ò mọ̀ o!

A yà ní Arakale láti gbé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin. Màmá Arakale ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n. Wọ́n ti pẹ́ nílé ọkọ l'Ákùúrẹ́ débi pé èdè ibẹ̀ ló kù lẹ́nu wọn, etí wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí ni wọ́n ti ní, "Dírẹ́bà, rọra gbé uṣu mi o!" Iṣu tí wọ́n fẹ́ gbé lọ ni.

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bùsọ́lá. Ó pariwo sí wọn létí pé èmi kì í ṣe dírẹ́bà. Màmá Arakale mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Dírẹ́bà gidi ni."

A fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá ní kí Bùsọ́lá wá jókòó ti òun lẹ́yìn, kó bá òun di kúlà ọbẹ̀ mú kó má dà nù. Bí ó ṣe di èmi nìkan níwájú nìyẹn. Nígbà tí a fi máa dé Ọ̀wẹ̀nà, èmi náà ti ń ṣeré sí i. Mo wo dígí, mo ní, "Màdáámù, ṣé kí n sáré díẹ̀ sí i?" Bùsọ́lá gbá mi léjìká, ó ní orí mi ò pé.

A dé Oǹdó. Màmá Bùsọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní bùrọ̀dá, ọ̀gá ńlá kan, wà lẹ́yìn wọn. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi ti wà lára fìlà, mo fẹ́ ṣí i. Màmá Bùsọ́lá ṣáájú mi.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o, dírẹ́bà. Ẹ ṣeun tí ẹ rọra wà wọ́n."

Mo wo Bùsọ́lá, torí òun ló yẹ kó sọ ọ́. Àbí èèyàn máa ń fi ara rẹ̀ hàn nílé àna ni? Bùsọ́lá wo ìyá rẹ̀, ó wo bùrọ̀dá wọn, ó wá wo fìlà orí mi. Ó ní:

"Gbé kúlà yẹn wọlé."

Ẹ jẹ́ kó yé yín o. Mo fi ọdún mẹ́jọ ju Bùsọ́lá lọ. Látọjọ́ tí a ti mọra, kò pè mí ní "ìwọ" rí. Kódà tí inú bá ń bí i, "ẹ̀ ń bí mi nínú" ló máa ń sọ! Ìyá rẹ̀ tó rò pé dírẹ́bà ni mí, ó fún mi ní "ẹ" tèmi. Bùsọ́lá ní "gbé."

Mo gbé e. Mo gbé e dé ẹnu kíṣìnì, mo sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kó má dà, mo padà síta.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Kí ló dé tí mi ò là á mọ́lẹ̀? Mo ti bi ara mi títí. Inú ò bí mi. Ojú ò tì mí. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí èèyàn bá sùn lé apá, tó wá jí, tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíì? Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn.

Dírẹ́bà bùrọ̀dá wọn ló wà lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Dàpọ̀ lorúkọ wọn. Ẹ wo aṣọ ọrùn wọn! Ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ṣòkòtò dúdú, fésì-káàpù búlúù dúdú. Ẹ̀ bá pè wá ní ìbejì.

"Jókòó, ọmọ mi. Ta lo ń wà?"

Mo ní mọ́tò mi ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí jíìpù ọ̀gá wọn. "Èmi náà, mọ́tò mi nìyẹn. Ẹ̀yìn nìkan ni mi ò tíì jókòó sí rí."

Màmá Bùsọ́lá fúnra wọn gbé iyán àti ẹ̀fọ́ wá fún àwa méjèèjì, wọ́n bu ẹran sí i dáadáa. Mo jẹ ẹ́ tán. Bóyá iyọ̀ wà nínú rẹ̀, mi ò lè sọ. Ohun tí mo rántí ni etí fìlà Bàbá Dàpọ̀. Ó tẹ̀ ju tèmi lọ, ó tẹ̀ geere, kò ṣẹ́ níbì kankan. Ẹ ò ní gbàgbọ́, mo bèèrè bí wọ́n ṣe ṣe é! Wọ́n ní agolo mílíìkì ni, pé kí n rẹ etí rẹ̀ sómi, kí n fi okùn dè é mọ́ agolo, kó gbẹ síbẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń lo ife!

Fóònù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ Bùsọ́lá ni. Ó ní kí n má bínú, òun ti sọ fún Bàbá pé ìpàdé pàjáwìrì dá mi dúró níbi iṣẹ́, pé mo ní kí dírẹ́bà mi gbé àwọn wá. Ó ní tí òun bá là á báyìí, ojú á ti ìyá òun níwájú bùrọ̀dá wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á."

"Ẹ" ti padà. Inú fóònù ló wà.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó túmọ̀ sí pé dírẹ́bà ọkùnrin tí kò wá ni mí. Èmi sì tún ni ọkùnrin náà.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá jáde láti sìn wá. Mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà mi kan sìmẹ́ǹtì. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ní pálọ̀ mi, kò sì síbòmíì tí mo lè lò ó.

"Ó tó, ó tó, dìde!" Ó ya Bàbá lẹ́nu. Wọ́n kọjú sí Bùsọ́lá. "O rí i? Ẹni tí dírẹ́bà rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ báyìí, òun náà ò ní burú." Wọ́n wá yí sí mi. "Bá mi kí ọ̀gá rẹ. Sọ fún un pé a retí rẹ̀ títí. Kó wá fúnra rẹ̀, mi ò ní ni ín lára. Dé fìlà rẹ, oòrùn ṣì mú."

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá sí Oǹdó nìyẹn, wọ́n ti fún mi!

Mo dé fìlà. Mo ní, "Wọ́n á gbọ́, sà."

Màmá Arakale dúró l'Óǹdó. Bùsọ́lá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé. Mo mọ̀ pé torí wọ́n ń wò wá ni. A dé Ọ̀wẹ̀nà, mo dúró kó ra bọ̀ọ̀lì. Mo na ọwọ́, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ dè é. Ó dúró, ó wẹ̀yìn wo ọ̀nà Oǹdó bí ẹni pé wọ́n ṣì ń wò wá láti ibẹ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀kùn iwájú padà. Ẹ̀yìn ló wọ̀. Ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ na ẹsẹ̀.

Nígbà tí a wọ Àkúrẹ́, mo wò ó nínú dígí.

"Màdáámù, níbo ni kí n já yín sí?"

Eré kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó mọ̀. Ó ní:

"Ẹ já mi sílé."

Ó ti pè mí lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà yẹn. Ó ti bẹ̀ mí, ó ti sunkún. Ó ní ká padà lọ, kí n wọ bùbá àti ṣòkòtò, kí n dé fìlà aṣọ òkè, pé wọn ò ní dá mi mọ̀ rárá. "Fìlà yẹn nìkan ni wọ́n rí, wọn ò rí yín." Bóyá òótọ́ ni. Mi ò tíì fún un lésì.

Ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ti aṣọ ni pé kí ẹ má fi fésì-káàpù búlúù tí kò ní ìwé kún ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò dúdú. Ẹ fi ṣòkòtò kakí rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ẹ fa ṣẹ́ẹ̀tì jáde. Ṣùgbọ́n fìlà kọ́ ló ní kí n gbé kúlà. Ẹni tó bá mú yín lọ sílé wọn, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ á lè dárúkọ yín lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti fi aṣọ pè yín rí? Ta ló bá yín là á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo máa kà á.

Àgbà kan rán mi níṣẹ́ l'Óǹdó, ó ní kí n bá òun kí ọ̀gá mi. Ó ti di oṣù mẹ́ta. Mi ò tíì jíṣẹ́ náà.