Ohùn Bàbá Níbi Yìgì

Àmínù máa ń dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù nídìí tẹ́tẹ́ mọ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sunkún. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á tún wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bíi pé òun ló ṣì í kà. Àmínù á ra omi inú ọ̀rá fún un, á jókòó tì í, kò ní sọ nǹkan kan. Alàánú ni àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ní Alábàtà ń pè é.

Ọdún kẹfà rèé tó ti ń dá gbé yàrá kan níbẹ̀, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe. Tẹ́tẹ́ ló lé e kúrò ní Igbein. Títílọlá ìyàwó rẹ̀ kò bá a jà. Ó kàn ní kó máa lọ ni.

Lọ́jọ́rú, Àsmá'ù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá bá a. Ìsoyìgì rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta.

"Ẹ̀gbọ́n yín ní àwọn lè fi mí fún ọkọ. Mo ní rárá, bàbá mi wà láyé."

"Sàlàhúdíìnì ẹ̀gbọ́n mi náà ò burú."

"Ẹnu yín ni mo fẹ́ kó ti jáde."

"Aago mélòó?"

"Mọ́kànlá. Ẹ má gba iwájú ilé tẹ́tẹ́."

"Ọ̀nà mìíràn wo ló wà?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Ní Sátidé, ó wọ agbádá, ó jáde láago mẹ́sàn-án. Kò ní in lọ́kàn láti yà. Ṣùgbọ́n láti ìta ló ti rí Timothy, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, tó ń wo tíkẹ́ẹ̀tì. Àmínù ra omi, ó wọlé, ó jókòó tì í.

"Owó oògùn ìyàwó mi ni," ni Timothy wí.

"Mo mọ̀, sà."

"Má lọ, Alàánú. Ó ku ọ̀kan. Mi ò lè dá a wò."

Bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ parí, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ tí Timothy sọ pé ó ku ọ̀kan. Àmínù ò ta kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbá ilẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Fóònù dún. Sàlàhúdíìnì ni.

"Ibo lo dé?"

"Mo ti wọ ọkọ̀."

Ó tún dún lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Nígbà tó wá gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn lẹ́mọ́ọ̀mù ló gbọ́.

"Bàbá ìyàwó, ènìyàn ti pé, a sì ní yìgì míì lẹ́yìn èyí. Ṣé ẹ fi àṣẹ lé ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́, kí wọ́n fi ọmọ yín fún Ọládiméjì ọkọ rẹ̀? Mo ti fi yín sí sípíkà, kí àwọn ẹlẹ́rìí lè gbọ́."

Àmínù wo ojú Timothy. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Mo fi àṣẹ lé wọn lọ́wọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni gbogbo ilé tẹ́tẹ́ pariwo góòlù. Góòlù náà kì í ṣe ti Timothy.

Aago méjì ti kọjá kó tó dé Igbein. Wọ́n ti ń ká ẹní.

"A gbọ́ ohùn rẹ," ni Sàlàhúdíìnì wí. "Ó já gaara. A gbọ́ góòlù náà."

Àmínù jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ rẹ ní ká dúró. Ó ní òun mọ bàbá òun."

Àsmá'ù jáde wá. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà àti omi inú ọ̀rá síwájú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Kò pè é ní sà rí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ń wo làálì ọwọ́ rẹ̀ bíi pé nǹkan wà níbẹ̀ tí òun ṣì kà.

Àmínù mọ ojú náà. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì kí àyè lè wà, ó na omi náà sí i.

"Ẹ ṣé, sà. Wọ́n ń dúró dè mí."

Omi náà ṣì wà lọ́wọ́ Àmínù nígbà tí wọ́n ká ẹní tó kẹ́yìn.