Pẹpẹ Tí Bàbá Mi Kàn Lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ojú fèrèsé lọ, abẹ́ ibùsùn ni àwọn àwo tánganran ìyá mi ń gbé, nínú àpótí onírin. Àwọn ni wọ́n fi sìn ín wá sílé ọkọ. Gbogbo ìyàwó ilé ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú ló to tiwọn sórí pẹpẹ, kí àlejò lè rí i. Ti ìyá mi nìkan ló wà nínú òkùnkùn, bàbá mi ló sì fà á.

Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ rí ní Èkó, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ìṣó kan pákó mọ́ ògiri sìmẹ́ńtì. Ló bá ra ìṣó gígùn bọ̀, ó kan pẹpẹ mọ́ ògiri alámọ̀ tiwa, nínú ọyẹ́, nígbà tí amọ̀ ti gbẹ bí àkàrà àná. Ìyá mi to àwo rẹ̀ tán, ó pè mí kí n wá wò ó. A kò tíì wò ó tẹ́rùn tí gbogbo rẹ̀ fi wó lulẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn bó létí. Ìyá mi kó wọn padà sínú àpótí, kò sì bá bàbá mi jà. Ṣùgbọ́n fún ọdún kan gbáko, bí bàbá mi bá fẹ́ fi fìlà lásán kọ́ ògiri, ìyá mi á sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. “Kò sí nǹkan kan,” ni yóò wí, “atẹ́gùn ni mo ń wá.”

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń dun ọkùnrin ju èébú lọ.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì rọ̀, bàbá mi tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbẹ́ èèkàn ìrókò mẹ́rin, ó sì fi omi àti ọ̀bẹ lu ihò sí ògiri. Èmi ni mo tẹ amọ̀. Mo po amọ̀ pupa mọ́ koríko gígé, mo tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń fà láàrin ìka ẹsẹ̀ mi bí iyán. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ. Bàbá mi ki èèkàn bọ ihò, orí wọn wòkè díẹ̀, ó sì fi amọ̀ dí wọn pinpin. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ mi ni láti máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kí ó má baà sán. Lọ́jọ́ kẹrin, mo fi ìka kan tì í wò. Bàbá mi rí ojú ìka mi lára amọ̀ tútù, mo sì wà lórí eékún, ọwọ́ lókè, títí ọbẹ̀ ilá fi tutù níṣojú mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó tẹ́ pákó lé e. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ó dára, Bàbá Táyọ̀. Ẹ gbé ọmọ yín lé e ná.”

“Ọmọ wo?”

“Tí ọmọ bá ṣubú, á sunkún, á sì dákẹ́. Àwo tó bá ti bó, ó ti bó nìyẹn.”

Bàbá mi gbé mi lé orí pẹpẹ. N kò mí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo rí àárín orí bàbá mi, mo sì rí i pé irun ti ń tán níbẹ̀. Ìyá mi ní kí n ju ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn. Mo jù ú.

“Jó díẹ̀.”

“Ìyá Táyọ̀, ó tó,” ni bàbá mi wí, òógùn sì ti bo imú rẹ̀.

Ìyá mi wo èèkàn kọ̀ọ̀kan. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó sì wọ́ àpótí jáde. Bàbá mi ń na àwo sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ń fi etí ìró nù ún, ó sì ń tò ó sórí pẹpẹ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi pe aládùúgbò wa pé kó wá bá òun tọ́ ọbẹ̀ wò. Obìnrin náà kò tilẹ̀ dé ìdí ìkòkò, iwájú pẹpẹ ló dúró sí.

Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo ń gbé báyìí. Ní Sátidé tó kọjá, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Harrow Manorway lọ sí Glyndon Estate, nítorí ọmọbìnrin mi, tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì fẹ́ kan pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé yàrá onílé tí kò gbà kí wọ́n kan ìṣó kan mọ́ ògiri. Gbogbo ẹrù rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì nílẹ̀. Inú mi dùn, mo ti ká ọwọ́ aṣọ mi sókè láti inú bọ́ọ̀sì.

“Daddy, ẹ má gun àga yẹn o.”

“Ṣé mo ní mo fẹ́ gùn ún ni?”

“Ẹ ti ń wò ó.”

Dídi pákó mú nìkan ló kù fún mi. Ọmọ mi fi ìka kan ògiri kó-kó-kó, ó ń wá ibi tí igi tó gbé ògiri ró wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó fi ń lu ihò ké, kò sì tó ogún ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ fi parí. N kò ní sọ pé tiwa dára jù. Nígbà tiwa, ògiri kò wọ́n wa, nǹkan tí a ó gbé lé e ló wọ́n. Àwọn ọmọ wa ní ẹrù rẹpẹtẹ, ògiri ni wọ́n ń wá kiri ìlú.

Ó tú báàgì kìíní sórí pẹpẹ, ó tú ìkejì, títí gbogbo wọn fi ṣófo, ó sì ká wọn. Ó wá rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láì tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀, ó yí padà, ó sì tún un rìn.