Nígbà Tí Mo Jẹ́ Ọmọ Ọwọ́ Lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì

Òórùn iṣu sísun ló gba gbogbo àgbàlá wa ní Ọ̀kà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bí mi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ọyẹ́ mú débi pé gbogbo àpáta tó yí wa ká ń gbọ̀n jìgìjìgì. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn àpáta náà. Fúnkẹ́ ọmọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ìkàrẹ́, ló gbé fóònù tuntun náà dé, tí rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ ń rùn bíi bàtà tuntun. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fi ìka mi tẹ ojú fóònù, gẹ́lẹ́ bí mo ṣe di ọwọ́ tirẹ̀ mú nígbà tó ń kọ́ A, B, D.

Bí ọmọ mi ṣe di ìyá mi nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò ṣe máa ń ṣe: ohun tó bá rí nílẹ̀, ẹnu ló ń kó o sí. Èmi gan-an nìyẹn. Ohun tó bá ti tàn lójú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní mo ti jẹ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Arẹwà kan tí n ò mọ̀ rí ní òun fẹ́ràn mi, mo dá a lóhùn pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí. Fúnkẹ́ á pariwo: "Bàbá, ẹ yọwọ́! Ẹ má tẹ nǹkan kan tí ẹ ò bá tíì pè mí." Tó bá ń lọ síbi iṣẹ́, á tún yọjú láti ẹnu ọ̀nà: "Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, tiyín nìkan ni, òun ni kọ́kọ́rọ́ Wásáàpù yín. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ pásítọ̀." Èmi á ní mo ti gbọ́. Ọmọ wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀?

Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo mọ irọ́ pa. Gbogbo Ọ̀kà ló mọ ìtàn ìgbín tí mo rí lórí òkè, èyí tí àwa mẹ́fà jókòó sórí ìkarahun rẹ̀ jẹ ẹran rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí Wásáàpù, ṣe ni ìgbín náà ń tóbi sí i lójoojúmọ́. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọn á ní irọ́ ni. Àfi Dọ̀kásì, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìkun. Láti kékeré ló ti ń gba gbogbo ohun tí mo bá sọ. Tí mo bá ní kó fa ewúrẹ́ rẹ̀ gun òkè lọ pàdé mi, á fà á lọ. Òun nìkan ló kù láyé tó ń gbà mí gbọ́.

Mo tún ní ọ̀rẹ́ kan, Jeremáyà, tó ń gbé ní Ìkàrẹ́. Ẹgbẹ́ kan náà ni wá, a kì í kí ara wa láìkọ́kọ́ bú ara wa. Á ní: "Onímú bí ìdí odó, o ò tíì kú?" Èmi á ní: "Elétí ehoro, ìwọ ni mò ń dúró dè." Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń béèrè àlàáfíà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, fóònù dún. Àwòrán Jeremáyà ni mo rí, tòun ti fìlà rẹ̀ tó wọ́.

"Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ bá mi kọ ọ́ wá, kánjúkánjú ni."

Lóòótọ́, nọ́ńbà náà ti wọlé. Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ń tẹ̀wé, mò ń wá nọ́ńbà bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo tẹ ìkíní. Mo tẹ ìkejì.

"Kíákíá sà."

Òógùn bò mí. Mo tẹ ìkẹta.

"Ṣé ẹ ti ń kọ ọ́ sà? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Ibẹ̀ ni ìka mi dúró sí. Kì í ṣe pé mo rántí ìkìlọ̀ Fúnkẹ́ o. "Sà" yẹn ló dẹ́rù bà mí. Láyé Jeremáyà, kò kí mi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù tí kò lè gbórí, ó bú mi tán kó tó gbà kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́. Kánjúkánjú yẹn náà tún ń kọ mí lóminú. Iṣẹ́ mi kúkú ni: tí mo bá ń sọ ìtàn ìgbín, n kì í jẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mi sinmi, torí tó bá sinmi, á bi mí bí a ṣe gbé ìkarahun ọ̀hún sọ̀ kalẹ̀.

Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo wá kọ ọ́ pé: "Bú mi ná."

"Kí lẹ wí sà?"

"Mo ní kí o bú mi, bí o ṣe máa ń bú mi."

"Háà, Bàbá, mi ò lè bú àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà yẹn."

Ẹnì kan tí n ò mọ̀ ló fi ojú ọ̀rẹ́ mi bojú. Ojú tèmi ló tún fẹ́ gbé wọ̀ báyìí, kó lọ kọ̀wé sí Dọ̀kásì pé kó ta ewúrẹ́ rẹ̀ kó fowó ránṣẹ́. Dọ̀kásì ò sì ní béèrè ohunkóhun.

Mo pe Fúnkẹ́. "Bàbá, ṣé ẹ fún un?" Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Rárá."

"Ẹ búra! Ṣé kì í ṣe ìtàn ìgbín lẹ tún ń sọ fún mi yìí?"

Nígbà tí mo búra tán ni mo tó gbọ́ tó mí kanlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó tì mí títí mo fi fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí èmi nìkan mọ̀ ti Wásáàpù mi pa. Ṣùgbọ́n kó tó dé, mo ti pe Dọ̀kásì, mo ní: "Tí wọ́n bá fi orúkọ mi béèrè owó, má gbà mí gbọ́."

Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ń purọ́ fún mi tẹ́lẹ̀ ni?"

Àwọn àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wa ò wúwo tó ìbéèrè yẹn. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkàrẹ́. Jeremáyà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ti fún wọn ní nọ́ńbà tòun. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ìjọ wọn ló béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fowó ránṣẹ́ sí olè náà, wọ́n rò pé Jeremáyà ló ń béèrè. Ó wò mí títí, kò bú mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú u, mo bú u dáadáa, kó tó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Mo ti dàgbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé níbẹ̀, ohun gbogbo ni mò ń tẹ̀. Lónìí, fóònù lè dún títí, màá kọ́kọ́ mu omi mi tán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fúnkẹ́ fi líǹkì kan ránṣẹ́ pé kí n wo àwòrán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. N ò tẹ̀ ẹ́. Mo pè é, mo ní kó sọ̀rọ̀ kí n gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ó pòṣé. "Bàbá, èmi náà kẹ̀?"

"Ìwọ gan-an," ni mo wí.