Koríko Tí Ìyá Àgbà Kúnlẹ̀ Sí

Àǹtí Wúrà, àbúrò bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọdé lè fi ojú rí nǹkan kó má mọ ohun tó rí, àfi bí àgbà bá bá a sọ ọ́.

Òwúrọ̀ àná ló tún wá sí mi lọ́kàn, níbi tí mo ń gbé ní Springdale, nílùú òyìnbó. Yìnyín ti bo gbogbo ẹ̀yìn ilé, ó funfun báláú. Ibi kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni igun tí mo fi koríko gbígbẹ sílẹ̀ sí, tó ga dé ìbàdí. Ehoro kan ń gbé ìdí rẹ̀. Àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ tí kò bá àwọn yòókù lọ síbi tó móoru máa ń rọ̀ mọ́ igi òdòdó gbígbẹ, wọ́n á máa ṣa èso rẹ̀ jẹ, òtútù á ti mú kí ìyẹ́ wọn wú bí òwú. Mo rí ipa ẹsẹ̀ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lójú yìnyín: ó yí koríko náà po, ó dúró, ó sì pẹ̀yìn dà. Mo rẹ́rìn-ín èmi nìkan.

Aládùúgbò mi, ọmọ Ìbàdàn kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, yọjú lórí ọgbà.

"Ẹ kú àárọ̀, Ọ́ńkù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín gé igbó yìí. Wọ́n á ní àwa Nàìjíríà la sọ àdúgbò di oko o!"

Kò tíì padà wọlé tí ohùn Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi.

Ọyẹ́ ni ìgbà òtútù tiwa. Ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bí ẹni tó rìn nínú eérú, àwa ọmọdé á sì máa jà sí ìdí iná. Ìgbà ọyẹ́ náà ni àwọn ọkùnrin agboolé wa máa ń sun igbó. Wọ́n á yí i ká pẹ̀lú kùmọ̀ àti ajá, wọ́n á tiná bọ̀ ọ́, ohun tó bá sá jáde di ti ọbẹ̀. Lọ́dún yẹn, wọ́n ti sun gbogbo rẹ̀ títí dé odò. Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Àgbà nìkan ló kù, níbi tó fi koríko sílẹ̀ sí. Gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó bọ́ lọ́wọ́ iná ti sá síbẹ̀: òyà, okété, àparò pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì lè fò.

Bàbá Ọdẹ, àbúrò bàbá àgbà mi, mú ìtùfù wá. Ìyá Àgbà ju ọkùnrin náà lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n wọ́n ti bí Bàbá Ọdẹ kí Ìyá Àgbà tó wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni. Ìyàwó kì í sọ fún ọkọ pé rárá. Kí ló wá ṣe? Ó wọ àárín koríko náà lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ń kí ọkọ òun.

"Ẹ dìde, ìyàwó wa," ni Bàbá Ọdẹ wí. "Iná ò mọ àgbà o."

"Bí iná ò bá mọ̀ mí, ọkọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú un lọ́wọ́ mọ̀ mí."

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í, ó ki bàbá rẹ̀, ó ki àwọn tó bí bàbá rẹ̀. Ta ló máa ń rìn kúrò nídìí oríkì ara rẹ̀? Orí Bàbá Ọdẹ wú. Nígbà tí yóò fi rántí iná, Ìyá Àgbà ti kan ìran ìyá rẹ̀, ìtùfù sì ti jó dé ìka rẹ̀. "Yéè!" Ó jù ú sórí erùpẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí Wúrà ní èmi ni mo rẹ́rìn-ín jù. Ohun tí èmi rántí kò ju èéfín àti ẹ̀yìn Ìyá Àgbà tó nà gbọnrangandan láàárín koríko.

"Ṣé nítorí okété lẹ ṣe fẹ́ pa ara yín?" ni Bàbá Ọdẹ bi í.

"Ẹni tó sá tọ̀ mí wá nígbà tí iná ń lé e, n kì í bi í bóyá ènìyàn ni tàbí ẹran."

Bàbá Ọdẹ gbé kùmọ̀ rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ, ó ń kùn pé obìnrin yìí fi oríkì so òun mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́.

Ìyá Àgbà ti lọ. Wọ́n ti kọ́lé sórí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, sìmẹ́ǹtì bo gbogbo rẹ̀. Àǹtí Wúrà ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ igbe àparò kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tèmi, bí mo bá kì wọ́n, "Thank you, Daddy" ni wọ́n á fi dá mi lóhùn. Ohun púpọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Èyí kò ní bọ́. Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì, n ó sì sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá tún yọjú: kò sẹ́ni tí yóò gé koríko yẹn títí yìnyín á fi yọ́. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, òtútù yìí kan náà ló pàdé rẹ nígbà tó o kọ́kọ́ dé ìlú òyìnbó yìí: ibo ni ò bá sá sí, ká ní gbogbo onílé ló ti gé tiẹ̀ mọ́lẹ̀?