Ibi Tí Mo Ti Ń Ra Ìkòkò

Ìkòkò amọ̀ ni mo ń tà ní ọjà Igbotako. Ẹni tó bá rò pé ọjà náà ti kú, kó wá wo àwọn alágbo àti àwọn olówó Okitipupa tí wọ́n ń gbin òdòdó sínú ohun tí ìyá ìyá wọn fi ń se ọbẹ̀. Èmi kì í fi wọ́n rẹ́rìn-ín lójú wọn. Mo máa ń dúró kí wọ́n sanwó tán.

Ohun kan ni ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ lẹ́nu mi: ibi tí mo ti ń rà á. Ìyá àgbà kan ló ń mọ ọ́n, ní abúlé kan tí n kò ní dárúkọ níhìn-ín náà. Kì í sábà sun ìkòkò, bó bá sì sun ún, kì í ju ẹrù ọkọ̀ kan lọ. Bí ẹlòmíràn bá mọ̀nà ibẹ̀, ó parí fún mi. Ẹlòmíràn ọ̀hún kò sì jìnnà: Àlàájà tó ń ta ìkòkò ní ìsọ̀ tó kọjú sí tèmi ni. Ọkọ rẹ̀ ní pikọ́ọ̀pù. Èmi, ọ̀kadà ni mo ń gùn. Bó bá débẹ̀ pẹ́rẹ́n, yóò kó gbogbo rẹ̀, títí kan amọ̀ tí wọn kò tíì mọ. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, "Ìjù-Odò" ni mo máa ń wí. Bí wọ́n bá bi òun, á ní "Ìlọrin", á sì gbójú sókè bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀.

Lọ́dún kan, àwọn awalẹ̀pìtàn láti yunifásítì dé sí ẹ̀yìn ìlú, níbi táwọn ará àtijọ́ gbé kí wọ́n tó ṣí kúrò. Wọ́n ń gbẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbọn iyẹ̀pẹ̀ lára àpáàdì. Àpáàdì! Ohun tí mo máa ń gbá dànù ní ìsọ̀ mi, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ bí ọmọ tuntun. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan nínú wọn wá bá mi.

"Ẹ kú ọjà, mà. A fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti mọ àwọn ìkòkò àtijọ́ yẹn, àti bí wọ́n ṣe gbé wọn débí. A fẹ́ fi tòde òní wé e. Níbo lẹ ti ń ra tiyín?"

"Ìjù-Odò," mo dáhùn kó tó pa ẹnu dé.

Ó ní kí n fún òun ní àfọ́kù kan. Mo fún un, mo tún bá a dì í. Ta ni yóò bi àfọ́kù léèrè ọ̀rọ̀? Ó kọjá sọ́dọ̀ Àlàájà, ó gba àfọ́kù tirẹ̀ náà, mo sì gbọ́ "Ìlọrin" kedere.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé kí ọmọ náà tó padà wá pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ ọkùnrin. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ìsọ̀ wa méjèèjì, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ju ti ẹni tó ń polówó ẹja lọ.

"Mà, ẹ má bínú o. A gé àfọ́kù yín pẹlẹbẹ, a fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Iyanrìn inú rẹ̀ kì í ṣe ti Ìjù-Odò. A ti bu amọ̀ ibẹ̀ wò."

"Ọmọ dáadáa, rọra sọ̀rọ̀. Etí mi ò di."

Àlàájà ti na ọrùn sí mi. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ sọ ọ́, Ìyá Ìjọ! Àbí ẹ jí i ni?"

Ọ̀nà abúlé yẹn ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Ọmọ náà yíjú sí Àlàájà. "Mà, tiyín náà kì í ṣe ti Ìlọrin. Amọ̀ kan náà ni. Wọ́n tilẹ̀ lọ àpáàdì pò mọ́ amọ̀ méjèèjì bákan náà. Ó jọ pé ọwọ́ ẹnì kan ló mọ wọ́n."

Mo wo Àlàájà. Àlàájà ń wo ilẹ̀.

"Ìyá àgbà tó máa ń bú ewúrẹ́ rẹ̀?" mo bi í.

"Òun náà ni."

Mo rántí gbogbo ìgbà tí ìyá yẹn sọ fún mi pé iná ló fọ́ ìkòkò, tí mo bá a kẹ́dùn, tí mo tún ra búrẹ́dì fún un.

"Àṣé ẹ̀yin ni iná tó ń fọ́ ìkòkò mi!"

"Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ òjò tó ń ba tèmi jẹ́," ó fèsì, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà kò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ọ̀gá wọn ní ká dákun, ká sọ orúkọ abúlé náà, torí pé díẹ̀ nínú àpáàdì tí àwọn wú jáde nínú ilẹ̀ jọ amọ̀ yẹn. Ó ní ó jọ pé ẹnìkan ti ń gbé ìkòkò láti ibẹ̀ wá síbí látijọ́ tó ti pẹ́. Mo ní ẹni náà á ti purọ́ fáwọn oníbàárà rẹ̀ pẹ̀lú.

"Ta ló máa ka ìwé yín?" Àlàájà bi í.

"Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, mà."

"Ṣé wọ́n ń ta ìkòkò?"

"Rárá o."

A fi pikọ́ọ̀pù ọkọ Àlàájà gbé wọn lọ sí abúlé náà. Láti ìgbà náà, èmi àti Àlàájà jọ ń lọ ni, a sì ń pín ẹrù nídìí ààrò. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ mú, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.