Òṣùwọ̀n Ẹ̀fẹ̀ Kòmọ̀ọ́nrìn

Ẹ má wulẹ̀ bi mí ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i. Òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ ronú kó tó jẹ́ ẹ. Kòmọ̀ọ́nrìn ni gbogbo ayé ń pè é, láti ọjọ́ tó ti fẹsẹ̀ kọ wáyà níwájú èrò, tó ṣubú yakata, tí wọ́n sì rò pé ara eré ni. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣubú gbowó. Ó ti pa ọ̀gá ọlọ́pàá lẹ́rìn-ín, ó ti pa adájọ́ lẹ́rìn-ín. Aránṣọ tó fẹ́ sílé nìkan ni kò rí pa lẹ́rìn-ín.

Kò sì bínú sí i. Ohun tí ẹlòmíì ì bá fi dá ìjà sílẹ̀, Kòmọ̀ọ́nrìn fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ̀fẹ̀ tuntun bá ti wá sí i lọ́kàn, á lọ dúró ti ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, á sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí ìyàwó bá pòṣé, ẹ̀fẹ̀ náà dára nìyẹn, ó di ti èrò. Bó bá dákẹ́, á gbé e sọnù, kò sì ní yà sídìí ẹ̀ mọ́. Ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ tí ìyàwó pòṣé sí ló gbé e dórí rédíò. Èyí tó dákẹ́ sí tẹ̀ lé e, tó ṣì lọ sọ, èrò kò tilẹ̀ yínmú sí i; ibẹ̀ ló ti kọ́gbọ́n. Ohun tó bá ti gbe ni, ta ní ń bi í léèrè ibi tó ti wá? Ó máa ń sọ fáwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pé, "Ẹni tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín ló mọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín." Wọ́n á sì máa mi orí bí ẹni gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n.

Wàyí o, ogbó dé. Ìbàdí Kòmọ̀ọ́nrìn kò gba ìṣubú mọ́, ojú ìyàwó rẹ̀ kò sì rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ fún ọmọ wọn obìnrin. Àwọn òṣèré ní àwọn fẹ́ ṣẹ̀yẹ ìdágbére fún un ní ọ̀sán Sátidé, kó wá sọ ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n á fi máa rántí ẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Èrò lè gbàgbé gbogbo ẹ̀fẹ̀ tó dùn, wọn kì í gbàgbé ẹyọ kan tó tẹ́.

Ó ronú títí, ó rí ọ̀kan, ti ọkùnrin tó gbé àìsàn aládùúgbò ẹ̀ lọ bá dókítà. Ó bá ìyàwó, ìyá ọmọ rẹ̀, lórí àga ní pálọ̀, ó dúró síwájú ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì parí ẹ̀ tí ìyá fi bú sẹ́rìn-ín. Ó gbá itan, ó fi etí aṣọ nu ojú.

Jìnnìjìnnì bo Kòmọ̀ọ́nrìn. "Màmá, ṣé ara ẹ le?"

"Kí ló ṣe mí?"

"Ò ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀fẹ̀ lẹ sọ, àbí ẹ̀ ń túfọ̀ ni?"

"Ṣebí o máa ń pòṣé ni!"

"Èmi? Sí ẹ̀fẹ̀?" Ìyá ronú díẹ̀. "Ó ní láti jẹ́ pé òwú ló já. Ẹ̀rọ yẹn máa ń já òwú mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀yin náà á tún wá dúró dí iná mọ́ mi lójú. Inú máa ń bí mi."

"Tí o bá wá dákẹ́ ńkọ́?"

"Òwú ò já nìyẹn."

Kòmọ̀ọ́nrìn jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ṣé òwú ló wá ń yan ẹ̀fẹ̀ fóun láti ìgbà èwe? Àwọn tóun gbé sọnù ńkọ́, àbí àwọn yẹn gan-an ló dùn? Ó gbìyànjú láti rántí ẹyọ kan nínú wọn, kò rántí. Tó bá jẹ́ òwú ló yan àwọn tó kù, kí ni èrò wá ń rí rẹ́rìn-ín? Orí ẹ̀ dàrú pátápátá. Ó fẹ́ bínú, kò mọ ẹni tóun máa bínú sí. Ta ló ń bá òwú jà?

Títí ọ̀sán Sátidé fi pé, kò yan ẹ̀fẹ̀ kankan. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyá jókòó sí iwájú; kò wá wo eré ọkọ rẹ̀ rí tẹ́lẹ̀, torí ọjọ́ tí eré bá wà làwọn oníbàárà máa ń wá gbaṣọ. Kòmọ̀ọ́nrìn la ẹnu, kò bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi ọ̀rọ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyàwó mi ni mo ń bi léèrè, mi ò mọ̀ pé òwú ló ń dá mi lóhùn."

Ilé wó sẹ́rìn-ín.

"Ẹ dákẹ́ ná, mi ò ṣàwàdà!"

Ẹ̀rín di ìlọ́po méjì. Ó tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ fún wọn. Ó wá kọjú sí ìyá: "Gbogbo ìgbà tí mo fi ń dúró tì ẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ta ni mo wà?"

Ẹnì kan já bọ́ lórí àga níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ìyá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀, omi ń dà lójú ẹ̀.

Nígbà tí ọmọ wọn ń fi ọkọ̀ gbé wọn lọ sílé, Kòmọ̀ọ́nrìn kò mọ̀ bóyá wọ́n yẹ́ òun sí ni tàbí wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Ó yíjú sí ìyá.

"Gbogbo gbọ̀ngàn ló rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tí o ò rẹ́rìn-ín? Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn," ni ìyá wí. "Mo rò pé èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni."