Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Tí Ó Gùn Tó Ẹsẹ̀ Mi

Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọkọ aránṣọ, n kò lọ sọ́jà lọ ra bàtà fún ara mi rí. Bí bàtà mi bá ti gbó, ìyàwó mi yóò fa ẹyọ kan yọ lára ìgbálẹ̀ ilé ìdáná, yóò ní kí n tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, yóò na ẹyọ ìgbálẹ̀ náà láti gìgísẹ̀ dé orí àtàǹpàkò, yóò sì ṣẹ́ ibi tí ó bá kọjá ẹsẹ̀ dànù. Èyí tí ó kù ni yóò mú lọ sọ́jà Atakpamé, ní Tógò níbí. Bí ìyá mi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹsẹ̀ a jókòó sílé, ìgbálẹ̀ a lọ sọ́jà. Mo bi ìyàwó mi nígbà kan pé kí ló dé tí òun, tí téèpù máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò fi téèpù wọn ẹsẹ̀ mi.

"Téèpù á ká nínú bàtà," ni ó wí. "Ìgbálẹ̀ kì í ká. Bí àyè ò bá tó, á sọ fún mi."

Ọyẹ́ kejì lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ó ń fẹ́ báyìí.

Nígbà ayé rẹ̀, ní ìdájí, nígbà tí kùrukùru bá ṣì bo àwọn òkè, àwa méjèèjì máa ń jáde sí ọ̀nà Kamina. Nígbà tí ara ṣì le, à ń sáré, eré àgbà, tí ó fi díẹ̀ yá ju ìrìn lọ. Nígbà tí ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó gbé ọwọ́ lé apá ọ̀tún mi, a sì ń rìn. Àwọn igi tíìkì a yọ sí wa bí ẹni tí ó fẹ́ kí wa, kùrukùru a sì tún gbà wọ́n padà. A kì í sọ̀rọ̀. Ìró ẹsẹ̀ wa ni mo máa ń gbọ́: ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìró mẹ́ta, nítorí ọ̀kan nínú tirẹ̀ àti ọ̀kan nínú tèmi máa ń kanlẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn tí ó lọ, mo ń dá sáré lójú ọ̀nà kan náà. Ó máa ń ṣe mí nígbà mìíràn bíi pé n kò tíì jí. Ilẹ̀ pupa, afẹ́fẹ́ funfun, apá ọ̀tún mi tí ó gbé kúrò lára díẹ̀ bíi pé nǹkan ṣì wà lórí rẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni ó ti ń wá bá mi. Nítorí náà, nígbà tí orúnkún ọ̀tún mi wú, tí dókítà sì ní kí n wá bàtà tí ó bá ìrìn mi mu tàbí kí n jókòó sílé, ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá jókòó sílé, níbo ni a ó ti máa pàdé?

Nínú àpò ìránṣọ ìyàwó mi ni mo ti rí ẹyọ ìgbálẹ̀ tí ó ṣẹ́ kẹ́yìn, tí ó fi òwú búlúù so. Mo mú un lọ sọ́jà.

Ọkùnrin tí ó ń ta bàtà àlòkù nítòsí mọ́ṣáláṣí jẹ́ ọmọ àwọn oníṣòwò Yorùbá tí wọ́n ti Nàìjíríà wá. Alájì ni gbogbo ọjà ń pè é. Mo kí i, mo yan bàtà ìsáré aláwọ̀ eérú kan, mo ti ìgbálẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ó ṣe rẹ́gí. Mo ní kí ó bá mi dì í.

Alájì wo ìgbálẹ̀, ó wo ojú mi, ó wá wo ilẹ̀.

"Bàbá, ta ló fẹ́ wọ bàtà?"

"Èmi ni."

"Ẹsẹ̀ yín tó wà nílẹ̀ yìí ńkọ́? Àbí ẹ yá a ni?"

Obìnrin tí ó ń ta ọṣẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Alájì, ẹ fi bàbá sílẹ̀ o jàre. Ìgbálẹ̀ ló fẹ́ sáré!"

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Alájì ní kí n bọ́ bàtà. Ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n rìn lórí sìmẹ́ǹtì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́ṣẹ kí n sì padà. "Ẹ má rìn bí ẹni tí wọ́n ń wò o. Ẹ rìn bí ẹni tó ń lọ sílé."

Mo ronú kan ọ̀nà Kamina, mo sì rìn. Nígbà tí mo yíjú padà, ipa ẹsẹ̀ òsì mi pé pérépéré, ti ọ̀tún kò ju etí òde lásán lọ. Ọyẹ́ ń gbẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí mo ti ń wò wọ́n. Alájì dojú bàtà àtijọ́ mi délẹ̀: gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ tán lápá òde.

"Ta ni ẹ máa ń gbé lápá ọ̀tún, bàbá?"

Mo wo apá ọ̀tún mi.

"Ìgbálẹ̀ yìí náà ti pẹ́. Ẹsẹ̀ àgbà máa ń fẹ̀ sí i. Gígùn ẹsẹ̀ nìgbálẹ̀ mọ̀, kò mọ bó ṣe ń rìn."

"Ìyàwó mi ló ṣẹ́ ẹ," ni mo wí.

Alájì gbé kẹ́tù sílẹ̀. "Kí Ọlọ́run kẹ́ wọn."

"Àmín."

Ó gbé bàtà méjì síwájú mi. Ọ̀kan rọ̀ bíi tìmùtìmù, yóò gba ẹsẹ̀ mi bí ó ṣe wà. Èkejì le létí òde. "Èyí á máa dá ẹsẹ̀ yín padà sáàárín. Orúnkún á sinmi. Tó bá yá, ẹ ó gbàgbé ìrìn àtijọ́ pátápátá."

Ìtùnú ni ó fi ṣe. Mo di èyí tí ó rọ̀ mú fún ìgbà pípẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá wọ̀ ọ́, ìwúwo ọwọ́ ìyàwó mi yóò ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi, títí orúnkún yóò fi kọ̀, tí ọ̀nà náà yóò sì parí. Mo wọ èyí tí ó le, mo dìde, mo rìn. Mo bọ́ ọ, mo ti ìgbálẹ̀ bọ inú rẹ̀. Àyè ìka kan ṣẹ́ kù níwájú rẹ̀. Àyè tó. Ìyẹn ni mo rà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bàtà náà ń rọra tì mí ní gbogbo ìṣísẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbọ́ ìró mẹ́ta, méjì ni mò ń gbọ́. Nígbà tí mo dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ìyàwó mi ti máa ń dúró láti mí, mo dúró, mo wẹ̀yìn. Ipa ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé nínú erùpẹ̀ pupa, wọ́n tọ́. Kò sí àmì ọwọ́ rẹ̀ nínú wọn mọ́.

Ìgbà náà ni mo rí i pé etí ọ̀nà lápá òsì ni mo gbà wá láti ilé. Lápá ọ̀tún ipa ẹsẹ̀ mi, ní ìwọ̀n ibi tí ẹnì kan lè gbà, erùpẹ̀ náà wà níbẹ̀ tí ẹsẹ̀ kankan kò tẹ̀ ẹ́, títí dé ibi tí kùrukùru ti gbà á.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. N kò bọ́ sí àárín ọ̀nà.